Epo Kòsé Nínú Ilé Eku

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì, ara mi kò gbélé. N kò ní àrùn kankan o, ẹ má ṣàánú mi. Ọwọ́ mi ni kò rí iṣẹ́ ṣe. Bí mo bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní pẹ́ tí n ó fi dìde. Bí mo bá sì dìde, n ó máa wá ohun tí n ó gé kiri inú ilé. Ọkọ mi sọ pé àlùbọ́sà tí mo ń gé báyìí, èèyàn lè ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kò purọ́. Iṣẹ́ gígé ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Ẹran ara ni mo ń gé, ti èèyàn nígbà kan, ti eku nígbà mìíràn, n ó sì gé e títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa gba inú rẹ̀ kọjá.

Àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń gbé àdúgbò wa ní Keteren Gwari, àti àwọn ọmọ ìjọ wa tó ń ka sáyẹ́ǹsì ní Gidan Kwano, máa ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ láàbù dára. Wọ́n fẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n lè tètè máa lọ. N kò lè sọ ọ́ lẹ́nu kan. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín bó ṣe rí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán, kó dá ara rẹ̀ lóhùn.

Limawa níbí ni wọ́n bí mi sí. Ará Ọ̀ffà ni bàbá mi, iṣẹ́ réluwéè ló gbé e wá sí Minna. Hausa ni mo fi bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré kí Yorùbá mi tó dúró, títí di òní, bí nǹkan bá ta mí lójijì, "Wayyo" ni n ó kọ́kọ́ ké. Mo kàwé dé ibi tí agbára bàbá mi dé, wọ́n gbà mí sí láàbù ilé ìwòsàn kan nínú ìlú. Ìyẹn kò ní ìtàn. Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ló ní ìtàn.

Malam Ndagi ni wọ́n ń pè é, ọmọ Nupe láti ìhà Bida, ọkùnrin gíga tó gbẹ, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Ó ti kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá rí, ó sì gbọ́ èdè wa dáadáa, àmọ́ ó máa ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ọjọ́ tí mo dé, mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ina kwana, Malam."

"Lafiya lau. Kí lo lè ṣe?"

Mo ní mo ka báọ́lọ́jì jáde.

"N kò bi ọ́ pé kí lo kà. Kí lo lè ṣe?"

Ó gbé ìkòkò omi ọṣẹ kan síwájú mi, gíláàsì pẹlẹbẹ kéékèèké ló kún inú rẹ̀, ó ní kí n máa fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ tán. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà, ó rí ibi tí ọ̀rá ìka mi kàn, ó sì da gbogbo rẹ̀ padà sínú omi. Gíláàsì ni mo fọ̀ títí mo fi ń fọ̀ ọ́ lójú àlá. Ẹlòmíràn tí wọ́n gbà pẹ̀lú mi kò lè fara dà á, ó lọ ṣe tíṣà. Èmi dúró. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Iṣẹ́ náà rí báyìí. Dókítà á gé nǹkan jáde lára aláìsàn, wọ́n á gbé e wá fún wa nínú fọ́málììnì, omi olóòórùn tó ń ta ni lójú, kó má baà jẹrà. A ó fi ọtí líle fa omi inú rẹ̀ jáde, a ó jẹ́ kí ìda yíyọ́ wọ inú rẹ̀, yóò sì le bí àbẹ́là. Ìgbà yẹn la ó wá gbé e sórí ẹ̀rọ tí a fi ń gé e, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí yóò máa tẹ̀lé ara wọn bí ọ̀já. A ó tẹ́ ẹ sójú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó nà, a ó fi gíláàsì gbé e, a ó pa á láró búlúù àti pupa. Lẹ́yìn náà ni dókítà á wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, á sì sọ orúkọ àìsàn.

Nígbà tiwa, àwa fúnra wa la ń pọ́n ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà, lórí awo dígí, lẹ́yìn náà lórí awọ. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ní eyín, bó ti wù kó kéré tó, ìlà gbọọrọ ni yóò fà la ẹran náà kọjá. Lọ́jọ́ kan mo gé iṣẹ́ odidi àárọ̀ kan, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀. Mo rí i. Mo rò pé kò já mọ́ nǹkan. Malam wò ó, ó bi mí pé, "Ta ni obìnrin yìí?"

Mo ní n kò mọ̀, nọ́ńbà nìkan ló wà lára rẹ̀.

"Ó wà ní wọ́ọ̀dù. Ó ń dúró. Ìlà ọ̀bẹ rẹ lo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i?"

Ó da gbogbo rẹ̀ nù. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo bú u nínú mi, mo sì tún un gé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú níbi iṣẹ́ yìí ni ilé ẹyin obìnrin. Méjì ni obìnrin kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kò sì ju èso dàbínù kan lọ bí ara bá le. Àwọn tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í wà nínú ìgò, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí ni wọ́n ń gbé wọn wá, nítorí kókó inú wọn ti tóbi ju ìgò lọ. Kókó yẹn kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Obìnrin á rò pé òun sanra ni, ìyá ọkọ á rò pé oyún ni, gbogbo ilé á máa yọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa mọ̀, ó ti pẹ́. Mo máa ń gé e. Mo máa ń bi Malam pé kí ló ń fà á. "To," ni yóò wí, "iṣẹ́ tiwa ni ká gé e." Ìdáhùn yẹn kò tó mi, mi ò sì mọ ibi tí n ó ti rí èyí tó tó.

Ní àkókò yẹn mo ti lọ́kọ, a ti kó lọ sí Keteren Gwari. Obìnrin ará Ìlọrin kan ń dín àkàrà ní orígun àdúgbò wa, kòsé la ń pè é níbí. Ìyá Sẹ̀kínà ni orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Sẹ̀kínà ni àkọ́bí rẹ̀, tíṣà ni, ọmọ tó máa ń fi ẹ̀rín kí èèyàn láti òkèèrè. Ẹ̀rúnrún tó máa ń kù sí ìsàlẹ̀ agbada ni oúnjẹ rẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó da ẹ̀wà tuntun sínú epo, Sẹ̀kínà á ti fi ajọ̀ kó ẹ̀rúnrún náà, á máa rún un jẹ. Epo tó bá ṣẹ́kù ní agbada, tó ti dúdú, òun náà ni ìyá wọn fi ń se ọbẹ̀ alẹ́. Kò sí ohun tó burú lójú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tálákà kì í da epo nù.

Sẹ̀kínà bẹ̀rẹ̀ sí í wú nínú. Àwọn àna tó ń múra ìgbéyàwó rẹ̀ ní oyún ni, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ni ín, ọ̀rọ̀ di ìjà. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, ilẹ̀ ti ṣú bá a. Tábìlì wa ni kókó inú rẹ̀ dé. Mo na ọwọ́ sí i, Malam ní kí n máa lọ sílé, ọmọ mi ń ṣàìsàn. Òótọ́ ni pé ọmọ mi ń ṣàìsàn, mo sì dúpẹ́. Sẹ̀kínà kú. Ibi tí a ti lọ kí ìyá rẹ̀ kú ọ̀fọ̀ ni mo ti wá mọ ìdí tó fi lé mi, nígbà tí mo rí Malam tó jókòó láàárín àwọn ọkùnrin, tó ń tọrọ àánú Ọlọ́run fún un pé "Allah ya jikanta," pẹ̀lú ojú pípọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e. Wọn kò yéé pe obìnrin náà ní Ìyá Sẹ̀kínà lẹ́yìn ìyẹn. Kí ni wọn ì bá tún máa pè é?

Nígbà tó yá, yunifásítì tó wà ní Gidan Kwano ṣí láàbù ìwádìí, Malam kọ́kọ́ lọ, ó sì ránṣẹ́ pè mí. N kò bèèrè ohun púpọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé níbẹ̀, "kí ló fà á" gan-an ni iṣẹ́. Mo kó ẹrù mi.

Eku funfun la bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, kó wá tọ́jú eku fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n mọ ọwọ́ tó ń gbé wọn. Bí o bá bínú wọlé, wọ́n á mọ̀. Malam gbé òfin inú gíláàsì wá sínú ilé eku: a kì í fọn fèrè níbẹ̀, a kì í fi lọ́fínńdà, a kì í kó àlejò wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wo eku lọ́jọ́ kan, Malam dí ẹnu ọ̀nà, ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi padà.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Awò tí mo kọ́kọ́ lò, dígí ló fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bí kùrukùru bá bo ọ̀run, a ó káwọ́ gbera. Èyí tó ń lo iná dé, àmọ́ iná kò sí. Sítóóvù la fi ń yọ́ ìda, ojú wa á pupa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀bẹ tí a ń pọ́n di abẹ tí a ń lò tí a ń jù nù, mo sì rí i tí Malam tọ́jú awọ ìpọ́nbẹ rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú fìlà olóògbé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kámẹ́rà dé orí awò, tí a ń wo ilé ẹyin eku lójú kọ̀ǹpútà, tó fẹ̀ bí ojú òṣùpá. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo wa fò fún ayọ̀ sí ni sólà. Wọ́n to páńẹ́lì sórí òrùlé láàbù àti ilé eku, iná kò sì kú mọ́. Ní gbogbo ọgbà ńlá yẹn, eku nìkan ló ní iná ní gbogbo ìgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé.

Ìgbà yẹn ni Rísíkà wọlé tọ̀ wá. Àbúrò Sẹ̀kínà ni, ọmọbìnrin kékeré tó ń gbé omi fún ìyá rẹ̀ nídìí agbada nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Ó ti kàwé, ó fẹ́ gba oyè dókítà nínú ìwádìí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò jìnnà sílé wọn: epo tí a fi dín kòsé léraléra, kí ló ń ṣe fún ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́? Ó pín eku sí ọ̀wọ́ méjì. Wọ́n po epo tó ti dúdú mọ́ oúnjẹ ọ̀wọ́ kan, ọ̀wọ́ kejì sì ń jẹ oúnjẹ eku lásán. Bí àkókò bá pé, a ó wo ẹ̀dọ̀ wọn, a ó sì wo ilé ẹyin wọn. Èmi ni n ó gé e.

Àwọn tó jẹ epo la kọ́kọ́ gé. Ẹ̀dọ̀ wọn ti wú, ọ̀rá ti kún inú rẹ̀ bí ihò inú búrẹ́dì, àwọn ọmọ ogun ara sì ti ya bò ó. A retí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé ẹyin wọn! Àpò omi, àpò omi, ẹyin tó yẹ kó já bọ́ kò já bọ́, ó wú sójú kan. Rísíkà wò ó tán. Kò dúró kí n gé ti ọ̀wọ́ kejì. Ó lọ sọ ọ́ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sọ lọ́jà, ọ̀rọ̀ sì dé Keteren Gwari kó tó di ọjọ́ Jímọ̀: epo kòsé ń ba ilé ọmọ jẹ́, yunifásítì ló wí bẹ́ẹ̀, ọmọ oníkòsé gan-an ló rí i. Obìnrin kan tó ti ń wá ọmọ tipẹ́ wá dúró níwájú agbada Ìyá Sẹ̀kínà, kò bú u, kò pariwo. Ó kàn ń wò ó. Ìyá Sẹ̀kínà da ẹ̀wà lílọ̀ rẹ̀ fún ewúrẹ́, ó fi omi pa iná, kò sì tún dín nǹkan mọ́.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tó béèrè. Mo lọ kí i ni, Rísíkà ń ka ìwé lọ́wọ́.

"Rísíkà," ó ní, "ẹ̀rúnrún tí ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń jẹ ńkọ́?"

"Màámi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

"Mo ní ẹ̀rúnrún yẹn ńkọ́? Ṣé èmi ni mo fi oúnjẹ pa ọmọ mi?"

Rísíkà pa ìwé rẹ̀ dé. Láti ìgbà yẹn, oorun kò kan obìnrin náà mọ́. Kí ládàánì tó pe ìrun, ó ti gbá àgbàlá tán, ó ti tún un gbá. Rísíkà ní òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilé. Ẹ wá wo irú iṣẹ́ tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ó dára. Ọmọ wádìí ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì já sí ọ̀dọ̀ ìyá tó bí i.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo gé ọ̀wọ́ kejì, àwọn tí kò fẹnu kan epo rí. Rísíkà jókòó sídìí awò. Ẹ̀dọ̀ kọ́kọ́ lọ, ó dára, ó mọ́ nini. Lẹ́yìn náà ilé ẹyin. Ó yí gíláàsì padà, ó mú òmíràn.

"Màmá," ó ní, bó ṣe ń pè mí nìyẹn, "ṣé ẹ ò ṣi nọ́ńbà?"

Mo ní n kò ṣì í.

"Àpò omi yìí ló wà níbí náà. Gbogbo wọn ló ní in."

Bí ẹni tí kò jẹ epo bá ní àìsàn kan náà tí ẹni tó jẹ ẹ́ ní, a jẹ́ pé epo kọ́. Nǹkan mìíràn tí gbogbo wọn jọ ń gbà ni. A yẹ omi wò, a yẹ pákó gbígbẹ inú àgò wò. Rísíkà kàn jókòó, ó ń wo òkè àjà, lójijì ó ní, "Iná." Ó wà nínú ìwé, gbogbo ẹni tó bá sin eku ló mọ̀ ọ́n: ara eku fi òkùnkùn ka ọjọ́. Bí ilẹ̀ kò bá ṣú fún un, ẹyin rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó já bọ́, yóò wú di àpò omi. "Àmọ́ ta ni kì í pa iná?" ló béèrè. "Aago mẹ́rin ni gbogbo wa ń lọ sílé, Malam ló ń pa á bí ilẹ̀ bá ń ṣú."

Malam Ndagi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó yọ fìlà rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀ ẹ́ lásìkò ìdánwò pé kó má pa iná, kí àwọn lè rí ìwé kà. Wọn kò wọ inú yàrá eku o, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta ni wọ́n jókòó sí, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ń kàwé. Ṣùgbọ́n súwíìṣì kan náà ló ń tan ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá eku. Ìdánwò parí, àwọn mìíràn tún dé. Malam ti fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ mẹ́gáàdì. Gbogbo ọdún tí ìjọba fi ń mú iná lọ, ilẹ̀ ń ṣú fún eku wa bó ṣe yẹ, Ọlọ́run tó ń lé eṣinṣin fún màlúù tí kò nírù ló ń bá wa pa iná. Ọjọ́ tí a ní iná tó dára ni a bà á jẹ́. Ọkùnrin tó dí ọ̀nà fún ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè dí i fún ọmọ tó fẹ́ kàwé. Igúnnugún ṣoore, ó pá lórí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí Rísíkà gbà á nímọ̀ràn pé kó yọ ilé ẹyin kúrò nínú iṣẹ́ náà, kó kọ ti ẹ̀dọ̀ nìkan. Ti ẹ̀dọ̀ pé, ó tó láti fi gboyè, àkókò tí wọ́n fún un sì ti ń lọ sópin. Ìmọ̀ràn burúkú kọ́. Rísíkà ní rárá. Ó ní òun ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé epo ló fà á, òun ò lè kàn pa á mọ́ kí òun sì máa wo ìyá òun lójú. Ó ní òun ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbi ìpàdé tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, Malam dìde kí wọ́n tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti kù díẹ̀ kó fẹ̀yìntì. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn," ó ní. "Eku yẹn dùn mí. Ti Rísíkà dùn mí jù. Pé àwọn ọmọ kàwé, ìyẹn nìkan ni kò dùn mí." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn fún un, ó fèsì rẹ̀, ó sì fẹ̀yìntì láìsí ayẹyẹ kankan.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣe lẹ́yìn náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sídìí tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn. Wọ́n ya súwíìṣì sọ́tọ̀. Malam, tí kò gba owó oṣù mọ́, ń wọ bọ́ọ̀sì láti Limawa dé Gidan Kwano ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo, òjò ń rọ̀ o, ọyẹ́ ń mú o, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná fún eku Rísíkà. Á dúró nínú òkùnkùn díẹ̀ kó rí i dájú, á sì padà sílé. Mo sọ fún un pé mẹ́gáàdì lè ṣe é. Ó ní, "Mo mọ̀."

Lẹ́ẹ̀kejì yìí a kò dúró de ìparí. Láràárọ̀ ni mo ń fi ẹ̀kán omi kan gba díẹ̀ lára ohun tó wà lójú ara eku kọ̀ọ̀kan, tí mo ń wò ó lábẹ́ awò. Bí eku bá ń ṣe oṣù tirẹ̀ bó ṣe yẹ, ohun tí o rí lánàá kọ́ ni wàá rí lónìí, yóò máa yí po láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ń yí po. Àwọn tó ń jẹ epo ń yí po, àwọn tí kò jẹ ẹ́ ń yí po. Mi ò sọ fún Ìyá Sẹ̀kínà. Mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé kó má baà bi mí.

Àkókò pé. Mo gé e, mo rò pé n kò gé nǹkan tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹ̀dọ̀ àwọn tó jẹ epo tún wú bíi ti àkọ́kọ́. Ilé ẹyin wọn mọ́. Ẹyin ń dàgbà, ẹyin ń já bọ́. Kò sí àpò omi, kò sí kókó. Rísíkà, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún nítorí ohun ńlá, kò rí nǹkan kan. Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún, èmi náà sì ń sunkún.

Àwa mẹ́ta la lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan: Rísíkà, Malam, àti èmi. Ìyá Sẹ̀kínà fi ẹní fún wa, kò tiẹ̀ kí wa tán.

"Màámi," Rísíkà ní, "epo tí a bá dín nǹkan nínú rẹ̀ léraléra ń wú ẹ̀dọ̀ eku. Ìyẹn dájú, ẹ má lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ti ilé ẹyin, a ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ ò rí i ni," ìyá rẹ̀ béèrè, "àbí kò sí?"

Ẹ̀yin ọmọ, ní ibi iṣẹ́ wa, a kì í sọ pé kò sí. A ò rí i, ìyẹn ni gbogbo ohun tí ẹnu wa gbà. Rísíkà sún mọ́ ìyá rẹ̀. "Màámi, eku ni wọ́n, wọn kì í ṣe èèyàn. Ìgbà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ náà kò pẹ́ tó ti èèyàn. Ohun tí mo lè sọ ni pé…" Mo ń wo ojú obìnrin náà bó ṣe ń padé. Ó yíjú sí mi, mo wo ilẹ̀. Ó wá yíjú sí Malam.

"Malam, ẹ̀yin lẹ gé ara ọmọ mi. Ṣé èmi ni mo pa á?"

"A'a, Hajiya," Malam wí. "Ẹ̀yin kọ́. Epo yín kọ́. Kò sí níbẹ̀."

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó bo ojú pẹ̀lú ìbòrí rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, a sì dìde fi í sílẹ̀.

Bí a ṣe dé ìta ni Rísíkà dá Malam dúró. Inú ń bí i, ó sì ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà.

"Malam, a ò mọ ìyẹn o."

"Mo mọ̀ pé a ò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́?"

"Ìwọ ni dókítà, ìwọ kò gbọdọ̀ sọ ọ́," ó ní. "Èmi ti fẹ̀yìntì." Ó nawọ́ sí ọ̀kadà, ó gùn ún, ó ń lọ.

Ìgbà mìíràn mo máa ń rò pé kò dára ohun tó ṣe, n ó sì dìde lórí àga, n ó máa rìn. Ìgbà mìíràn inú mi á máa bí mi pé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Èmi náà ti wá fẹ̀yìntì báyìí, n kò tí ì yanjú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, mo lọ kí wọn. Oòrùn ti ga. Àgbàlá wọn kò tí ì rí ìgbálẹ̀, ewé gbígbẹ bo gbogbo ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré kan ilẹ̀kùn. Rísíkà ló ṣí i, ó fi ìka lé ètè.

"Ẹ rọra, Màmá," ó ní. "Ó ń sùn. Ìrun àsùbá ti kọjá lórí ẹ̀, mi ò jí i."